Asọ̀rọ̀mágbèsì Orí Fóònù: Èwo Ló Yẹ Ká Fetí Sí?

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ògbà, ẹ̀yin télọ̀ àti mẹkáníìkì Agége, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ̀nà Ọba Akran, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọwọ́ yín kì í dilẹ̀, àmọ́ etí yín kò níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí pọ́díkáàsìtì fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù: ètò bíi ti rédíò ni, àmọ́ wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ìgbà tó bá wù yín lẹ lè gbọ́ ọ lórí fóònù.

Rédíò alápòótí tó wọ Èkó ní 1935, asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn bàbá wa ń pè é. Á máa sọ tirẹ̀, kò ní gbọ́ tìẹ. Pọ́díkáàsìtì náà ò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ mélòó kan, mo sì rí i pé èyí tó dáa máa ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ èsì yín.

Nínú ọ̀kan, ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ó kí ọ̀rẹ́, ó kí àna. Dátà yín ló ń jẹ o! Wákàtí kan lè gba MB 30 sí 60. Nínú èkejì, èèyàn mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí dánfó méjì forí gbára ní Pen Cinema. Ẹ̀kẹta ló wọ̀ mí létí. Obìnrin kan ń ṣírò èrè gaàrí: iye tó ra àpò, owó ọkọ̀, iye kóńgò tó wọ̀n. Bí mo ṣe ń rò ó pé, “Àwọn tó ra àwìn ńkọ́?” ló ní, “Ẹ máa ní, àwọn tó ra àwìn ńkọ́?” Ó bọ́ sí i!

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Olóògbé Gbénga Adéboyè tó lókìkí ní Radio Lagos, Ìkẹjà, tó kú ní 2003, òun nìkan á di èèyàn púpọ̀: èyí ń béèrè, ìyẹn ń dáhùn.

Èyí tó le jù nìyí. Àjọ NBC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń fún ilé-iṣẹ́ rédíò níwèé àṣẹ, tó sì ń bá arúfin wí. Ta ló ń bi ẹni tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀? Ẹni tó ní àgúnmu òun ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, ẹni tó ní kẹ́ ẹ kó owó àjọ wá kó di ìlọ́po méjì, ẹ bi í: ibo ló ti mọ̀ ọ́n? Ẹ rántí ẹkún MMM ọdún 2016. Ẹni tí kò fẹ́ ká bi òun léèrè, ọjà ló ń tà. Ẹ pa á!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tiyín, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi ní Ọ̀tígbà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí aṣọ kún bámúbámú. Aṣọ máa ń gbé ìró mì, ohùn yín kò ní dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Ẹ mú kókó kan péré, ẹ tètè sọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí ìyá ọlọ́jà kan gbọ́ ọ. Bó bá béèrè ohun tẹ́ ò dáhùn, ẹ lọ tún un gbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èwo lẹ ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín, kí ló sì mú un dùn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà.