Bí Ibà Bá Lọ, Kí Ni Ó Fi Sílẹ̀ Nínú Egungun?



Nígbà tí ara ọmọ tí ibà ń ṣe bá tutù, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, inú wa a máa dùn. Ìyá mìíràn a tilẹ̀ di ìyókù oògùn pamọ́ de ọjọ́ tí ibà yóò ṣe àbúrò rẹ̀. Àṣà yìí léwu, nítorí pé ibà lè fi nǹkan sílẹ̀ nínú egungun.

Egungun kì í ṣe òkúta. Ohun alààyè ni. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó apá tí ó ti gbó nínú rẹ̀, tí ó sì ń mọ tuntun dípò rẹ̀, bí àwọn mọlémọlé ti ń tún ilé ṣe. Bí wíwó bá ju mímọ lọ, egungun yóò fẹ́lẹ́.

Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń kó sí wa lára a máa jẹ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa fi ìdọ̀tí dúdú sílẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Osaka ní ilẹ̀ Jàpáánù fi eku ṣe ìwádìí. Wọ́n rí i pé ìdọ̀tí kòkòrò náà ń kó jọ sínú mùdùnmúdùn egungun, ó sì ń mú kí wíwó egungun borí mímọ rẹ̀. Egungun àwọn eku náà dínkù, ìdàgbàsókè àwọn ọmọ eku sì fà sẹ́yìn. Àwọn eku tí kòkòrò inú wọn kì í ṣe ìdọ̀tí púpọ̀ kò ní irú ìpalára bẹ́ẹ̀.

Eku ni a fi ṣe ìwádìí yìí, kì í ṣe ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ ra oògùn egungun lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe nìyí:

1. Kí gbogbo ará ilé máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí, ní alaalẹ́.

2. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 24 tó pé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

3. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ibà ọlọ́jọ́ 3, ẹ rí i pé ó lò ó tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá ní ọjọ́ kejì. Kòkòrò tí ó bá kù yóò tún pọ̀ sí i, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i.

Ibà tí kò wọlé kò ní ìdọ̀tí tí yóò fi sílẹ̀. Ìdènà àrùn sàn ju ìwòsàn lọ.