Gbẹ̀gìrì Ẹ̀wà Tuntun: Oúnjẹ Aṣaralóore fún Tọmọdé Tàgbà

Nígbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ni ẹ̀wà tuntun máa ń dé láti Òkè Ọya. Ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lóko máa ń tètè jinná, kò sì nílò kán-ún, èyí tí ó máa ń ba díẹ̀ jẹ́ nínú èròjà aṣaralóore rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni ó yẹ kí ìyàwó ilé tí ó mọ ètò se gbẹ̀gìrì, kí ó sì ra ẹ̀wà pamọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú dídán nìkan ra ẹ̀wà. Àwọn kan máa ń da oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ dichlorvos sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Májèlé ni. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn yìí ní ọjà gbangba. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni í. Kòkòrò díẹ̀ sàn ju májèlé lọ, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fífọ̀ nìkan.

Ohun èlò fún ènìyàn márùn-ún:
Ẹ̀wà olóyin, ife 2
Epo pupa, ṣíbí ìjẹun 3
Ata gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí kékeré 1
Irú, àlùbọ́sà, edé àti iyọ̀ níwọ̀nba

Bí a ṣe ń sè é:
Ẹ ṣa ẹ̀wà, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fọwọ́ ra á títí èèpo yóò fi bó. Ẹ máa da omi sí i, kí ẹ sì máa da èèpo tí ó bá léfòó nù. Iṣẹ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú kí gbẹ̀gìrì kúnná.

Ẹ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Ẹ fi ìjábẹ̀ ja á, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e padà sórí iná, kí ẹ wá fi epo, ata, irú, edé àti iyọ̀ sí i. Ẹ máa rò ó lórí iná díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, nítorí kì í pẹ́ jó nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ó bá ki jù, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin abiyamọ, ògì lásán kò tó fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà. Kí ẹ tó fi ata àti iyọ̀ sí ìkòkò, ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀, kí ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa fún un ní ọmú lọ. Gbẹ̀gìrì máa ń tètè kan. Ẹ má fi àjẹkù tí ó sùn síta bọ́ ọmọ.

Ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ ńkọ́? Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọlé. Kòkòrò tí kò rí atẹ́gùn mí yóò kú láìsí oògùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ro àmàlà, ẹ ja ewédú tì í, kí ẹ pe baálé ilé wá jẹun.