Ilà Ojú Ọkọ̀: Nọ́ńbà Ara Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tí ó ti ṣá tàn yín jẹ: orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, a sì tẹ ti ọkọ̀ mọ́ ara irin, gẹ́gẹ́ bí olóólà ti í kọlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àmì 17 ni nọ́ńbà ṣáásì. Èyí tí ó bá fi VF3 ṣáájú, ìran Peugeot ilẹ̀ Faransé ni. Ẹni tí ó bá rò pé òun rí I, O tàbí Q níbẹ̀, kí ó tún ìpẹtà nù, nítorí a yọ wọ́n kúrò kí wọ́n má baà jọ 1 àti 0. Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé ọkọ̀, ẹ má tètè pè é ní ẹrù olè. Àìmọye ẹ́ńjìnnì ni àwọn mẹkáníìkì Àpó, ní Àbújá níhìn-ín, ti pààrọ̀.