Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tí ara ń jó nígbà iṣẹ́ àṣepẹ́

Ṣúgà àti ọ̀rá ni ara ń jó bí iṣẹ́ bá pẹ́. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ ni glycogen: nǹkan bíi gíráàmù 400 nínú iṣan, bíi 100 nínú ẹ̀dọ̀. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ju ṣíbí tíì kan lọ.

Alábàárù tó ń kó ẹrù sórí bọ́ọ̀sì ní Jonquet, ní Kútọnu, ń lo ṣúgà àti ọ̀rá yìí. Bó ṣe ń gbé àpò nílẹ̀, agbára díẹ̀ mìíràn tó ti wà nínú iṣan, yàtọ̀ sí glycogen, ló ń ná. Ìyẹn kì í pé ìṣẹ́jú kan tó fi ń tán. Bó bá ń rìn wọ́ọ́rọ́, ọ̀rá ló ń jó jù. Bó bá wá ń mí hẹlẹ, ṣúgà ló kù tí ara gbójú lé, torí ọ̀rá kì í yára jó.

Ọ̀rá kì í tán bọ̀rọ̀, kódà lára ẹni tínínrín. Glycogen ni wàhálà: iṣẹ́ líle wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lè gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ asáré máratọ́ọ̀nù fi ń rọ ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Ní 1967, Jonas Bergström àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden bu iṣan bíńtín lára àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ wò: oúnjẹ oníṣítáàṣì mú kí glycogen wọn pọ̀, wọ́n sì pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ ju ìgbà tí wọ́n jẹ ẹran àti ọ̀rá lọ.

Nítorí náà, àkàsà àárọ̀ àti gàrí oníṣúgà kì í ṣe oúnjẹ yẹpẹrẹ. Gíráàmù 30 sí 60 ṣúgà ní wákàtí kan ń ran ẹni tí iṣẹ́ líle rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́.