Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Di Ìkòkò

Bí àgbàdo tuntun bá ti gbó díẹ̀, tí omi funfun ṣì ń jáde nínú ọmọ rẹ̀ béèyàn bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, àsìkò sapala dé nìyẹn. Ìyá wa àgbà a máa fi ọ̀bẹ rẹ́ àgbàdo náà kúrò lára ṣùkù, a lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, a da epo pupa sí i, a sì dì í sínú ewé eéran. Igi ewé tó ti ṣẹ́ kúrò ni wọ́n á fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omi tí wọ́n á bù sí i kò pọ̀, kì í kan èyí tí wọ́n tò sókè. Wọ́n á tún fi ewé bo gbogbo rẹ̀ lójú kí wọ́n tó dé ọmọrí, bí ooru bá sì ń yọ létí ọmọrí, wọ́n á ki aṣọ tútù bọ ibẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣí i wò yóò gbọ́ ohùn wọn: "Má ṣí i o! Ooru ló ń sè é, kì í ṣe omi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa oúnjẹ kan tí àwọn ará òkè Andes ní Pérù ń sè. Wọn kì í gbé ìkòkò kaná rárá. Kòtò ni wọ́n ń gbẹ́, kòtò náà ni ìkòkò, kòtò náà ni ààrò. Pachamanca ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Quechua, pacha ni ilẹ̀, manca ni ìkòkò. Àwa náà mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni ìkòkò ti ń wá: a máa ń wa amọ̀, a pò ó, a mọ ọ́n, a sun ún. Àwọn ará ibẹ̀ kàn fi tiwọn sílẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Ní agbègbè Huancayo, Ayacucho àti Huánuco, bí àlejò pàtàkì bá dé, tàbí bí ayẹyẹ bá wà, agbo ilé á kóra jọ sídìí kòtò yìí. Òkúta ló ṣe kókó nínú iṣẹ́ náà, ju igi àti iná lọ. Wọ́n á to òkúta rogodo rogodo bí àtíbàbà kékeré, wọ́n á fi ẹnu sílẹ̀ fún un, wọ́n á sì dáná sínú rẹ̀. Èéfín á kọ́kọ́ sọ àwọn òkúta náà di dúdú kirikiri. Bí iná bá ti jó pẹ́, tí wọ́n gbóná dójú àmì, dúdú yẹn á jó dànù fúnra rẹ̀, ara òkúta á wá funfun bí ẹni pé eérú dà lé e. Àwọ̀ yẹn ni àwọn àgbà ń wò kí wọ́n tó ní ó yá.

Kì í ṣe òkúta kí òkúta o. Òkúta odò ti fa omi sínú, bí iná bá mú un, omi yẹn á di ooru, kò ní ríbi gbà, òkúta á sì bú gbàmù, èérún rẹ̀ lè fọ́ni lójú. Òkúta tí òkè oníná yọ́ jáde láyé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa: àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ́dọ̀ wa máa ń dáná sórí àpáta kí ó lè sán. Ohun tí àwọn ń wá gan-an ni alásè Pérù ń sá fún.

Nígbà tí òkúta bá ṣe tán, kò sí àyè ìmẹ́lẹ́ mọ́, nítorí òkúta tí a yọ níná ti bẹ̀rẹ̀ sí tutù nìyẹn. Wọ́n á tú àtíbàbà náà ká, wọ́n á to díẹ̀ nínú òkúta sísàlẹ̀. Pòtétò tí àwa ń pè ní Áíríṣì ló ń kọ́kọ́ wọlẹ̀, torí òun ló ń pẹ́ jinná jù. Òkúta míì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹran: ti ẹlẹ́dẹ̀, ti àgùntàn, ti adìyẹ, àti ti ẹmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń sìn nílé. Ẹran náà ti gba iyọ̀, ata àti ewé olóòórùn dídùn méjì tí wọ́n ń pè ní huacatay àti chincho. Ẹ̀wà tútù tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ á wá lé e. Lókè pátápátá ni humita máa ń wà.

Humita yìí ló mú kí n dìde lórí àga. Àgbàdo tútù ni wọ́n ń lọ̀, háhá àgbàdo fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í, ooru ló sì ń sè é. Sapala ni! Lóòótọ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni àgbàdo ti wá. Ẹ̀yìn ìgbà tí Columbus dé Amẹ́ríkà ní 1492 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá òkun wá sí etíkun wa. Irúgbìn ló sọdá ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a di oúnjẹ sínú ewé kí ooru sè é, ìyá wa àgbà kò lọ kọ́ ọ ní Pérù.

Bí wọ́n bá ti tò ó tán, ewé tútù á bò ó, àpò tí wọ́n rì sómi á tẹ̀ lé e, wọ́n á wá fi ṣọ́bìrì da iyẹ̀pẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan á máa yí òkìtì náà ká. Ibi tí ooru bá ti ń yọ, á bu erùpẹ̀ dí i. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń jó èédú ní Òkè-Ògùn á mọ ìrìn yẹn: bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ òkìtì igi tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, tí wọ́n ń wá ibi tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, kí igi má baà di eérú. Iṣẹ́ tí aṣọ tútù ń ṣe létí ọmọrí ni erùpẹ̀ yẹn ń ṣe lórí kòtò.

Ìdí míì wà tí òkúta fi dára ju ìkòkò lọ níbẹ̀: Huancayo ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 3,200 mítà. Níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kò wúwo, omi kì í sì í dúró dìgbà tó bá gbóná tó ti Èkó kó tó hó. Ní Èkó, 100 ni lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lọ́hùn-ún, kò tíì pé 90 tó ti ń hó. Bó ti wù kí iná pọ̀ tó lábẹ́ ìkòkò, omi inú rẹ̀ kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran líle á sì jókòó síbẹ̀ pẹ́. Òkúta kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá fara kan ẹran, á yan án, ooru tó há sínú kòtò á sì máa se ìyókù.

Wọn kì í ṣí kòtò náà láìfún ilẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ní. Pachamama, Ìyá Ilẹ̀, ni wọ́n ń fún ní ewé coca àti ọtí. Ọtí ọ̀hún lè jẹ́ chicha, tí wọ́n fi àgbàdo pọn bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n tún máa ń ri àgbélébùú kékeré tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ mọ́ orí òkìtì náà, torí Kristẹni ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó ti rí bàbá rẹ̀ ta ọtí sílẹ̀ kó tó mu tirẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Ìjọba Pérù kéde pachamanca ní ogún ìní orílẹ̀-èdè ní 2003, Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù Feburárì sì ni ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn Máorí ní New Zealand náà ní irú kòtò yìí, hāngī ni tiwọn. Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ wa jù ni huatia, àbúrò pachamanca, tí àwọn àgbẹ̀ Andes ń ṣe lóko nígbà ìkórè pòtétò. Ògúlùtu gbígbẹ ni wọ́n ń tò bí ilé kékeré, wọ́n á dáná sínú rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, wọ́n á kó pòtétò sí i, wọ́n á sì wó gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Èmi tí wọ́n sun iṣu fún lóko rí, tí mo fi ọwọ́ gbọn eérú dànù lára rẹ̀, tí mo fi epo jẹ ẹ́ lórí ebè, mo mọ bí ẹnu wọn ṣe máa ń rí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fẹ́ gbẹ́ tèmi, lẹ́yìn ilé, níbi tí kò sí koríko gbígbẹ. Iṣu ni n ó tẹ́ sísàlẹ̀, adìyẹ ìbílẹ̀ tó ti gba ata àti efinrin á tẹ̀ lé e, sapala nínú ewé eéran á wà lókè. Mo ti ṣàmì sí ojú ibẹ̀. Òkúta ni mo ṣì ń wá, torí gbogbo èyí tó wà nítòsí wa, inú odò ni wọ́n ti kó o.