Ológbò Tó Ń Dàgbà àti Àìsàn Kíndìnrín
Ẹ̀yin òbí, bí ológbò ilé yín bá ti lé lọ́dún 10, tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń tọ̀ ṣáá, tó sì ń rù, ẹ má pè é ní ogbó lásán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kó yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò.

Ẹ má fi omi dù ú. Oúnjẹ tó lómi nínú ló yẹ ẹ́. Ẹ dín eegun, ẹja gbígbẹ àti edé kù, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú wọn ń ni kíndìnrín lára. Ẹ má fi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí oúnjẹ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má gba ẹran lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, kó má baà joro.

Ànábì wa sọ nípa obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó há mọ́lé láìbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí tiwa.