Ẹ̀gbà Bàbà Tó Dúdú

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà ẹlẹgbẹ́ wa, bí Ọjọ́ Àṣà bá ku ọ̀la ni púpọ̀ nínú wa máa ń tú àpótí. Ẹ̀gbà bàbà tí ìyá àgbà bọ́ lọ́wọ́ fún wa, tó ń dán gbinrin nígbà tí a gbé e kúrò nílé, á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀rinrin Port Harcourt yìí ni, àti èéfín dúdú tí gbogbo ìlú ti ń pariwo lé lórí láti 2016. Òógùn ara wa náà ń dá kún un. Bàbà fúnra rẹ̀ ló bá afẹ́fẹ́ dàpọ̀ tó di dúdú, nítorí náà ìgbàkígbà tí a bá ra á, bàbà díẹ̀ ń bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ọṣẹ àti omi ti tó fún un. Bí kò bá lẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ epo ara kúrò, ẹ la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ lé e, kí ẹ sì máa fi ra á jẹ́jẹ́. Kíkan ọsàn ló ń tú dúdú náà. Kò ní pẹ́ tí pupa rẹ̀ á fi yọ. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, nítorí iyọ̀ tó bá kù sí i lára ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ń fi eérú kíkù kún ọsàn bí wọ́n bá ń ra idẹ.

Ẹ má fi kànrìnkàn onírin kàn án o. Ọ̀kan nínú wa rẹ tirẹ̀ sínú bílíìṣì mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ẹ̀gbà ti rí págunpàgun. Bí iyùn bá wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi ọsàn kan iyùn náà, á jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbà mìíràn wà tí kò yẹ kí a ra rárá. Ní agbègbè Delta yìí, ẹ̀gbà bàbà àti idẹ tí wọ́n ń pè ní mánílà ni owó tí wọ́n fi ń nájà, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á nílẹ̀ ní 1948 sí 1949. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, dúdú ara rẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti ìyá àgbà ńkọ́? Lójú tiwa, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.